Kò Sí Iṣẹ́ fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Irinwó ojú ewé ni Akọ̀wé ti kọ kí Mopélọ́lá tó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí orúnkún rẹ̀ kì í fẹ́ ká mọ́, ó sì gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì orí tábìlì. Ojú ewé kìíní ṣí. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ka ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹrin, ojú rẹ̀ ti ń sáré lórí kóòdù náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo igbó láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, kò kà mọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́: ó tẹ̀, ojú ewé ṣí, ó tẹ̀, ojú ewé ṣí. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni gíláàsì ń kọ ọ́ sí pé: Mopélọ́lá Ajíbóyèdé, Òǹkàwé Àgbà, kà á, ó sì yé e.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí láràárọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ni Akọ̀wé, òun ló ń kọ gbogbo kóòdù tó ń darí omi ìlú Ìṣẹ́yìn, láti ẹnu ìsédò títí dé ẹnu ẹ̀rọ ilé onílé. Kì í sùn, kì í jẹun, kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òfin ní ohunkóhun tó bá kan omi, iná tàbí ilé ìwòsàn, èèyàn ẹlẹ́ran ara gbọ́dọ̀ kà á kó tó ṣiṣẹ́, kó sì fi orúkọ rẹ̀ dúró fún un. Ní ilé-iṣẹ́ Omíyálé, èèyàn ẹlẹ́ran ara tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ojú rẹ̀ òsì sì ti ń ṣú.

Ó ti tẹ àtàǹpàkò tán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá,” ni Ọ̀gbẹ́ni Làmídì wí. Òun ni ọ̀gá pátápátá ní Omíyálé, ọkùnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, tí ojú rẹ̀ sì máa ń dà bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó gbé nǹkan dúdú roboto kan tí kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ sórí tábìlì. Nǹkan náà tan iná aláwọ̀ ewé. “Ẹlẹ́rìí ti dé.”

Mopélọ́lá mọ Ẹlẹ́rìí. Ìjọba ló ń fi í ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Ohunkóhun téèyàn bá sọ níwájú rẹ̀, ìbúra ni.

Lẹ́yìn Làmídì, ọmọbìnrin kan dúró, ó di báàgì aláwọ mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀ kí Mopélọ́lá, báàgì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìbíyẹmí ni mo ń jẹ́, mà.”

“Dìde. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Ọdún mẹ́tàlélógún, mà.”

“Ilé-iṣẹ́ kelòó lo ti lọ ṣe irú ìdánwò yìí?”

Ọmọ náà wo Làmídì, ó wo ilẹ̀. “Ìkọkànlá nìyí, mà.”

Làmídì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́. “Ẹ mọ bó ṣe ń lọ, Màmá. Akọ̀wé ti ṣe iṣẹ́ kan. Ọmọ yìí á ṣe irú rẹ̀ gan-an. Tó bá di agogo méjìlá, ẹ ó wo méjèèjì, ẹ ó sì búra. Ìwé ìfẹ̀yìntì yín wà lórí tábìlì mi, mo ti fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin Ìdànrè ń gbéra láàárọ̀ ọ̀la.”

Mopélọ́lá ti mọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà sórí: Mo jẹ́rìí pé ní ilé-iṣẹ́ yìí, kò sí iṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti búra bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan láti Òkèhò ló wá, ó wọ gíláàsì ojú tí wọ́n fi wáyà so. Nígbà kejì, obìnrin kan tó lóyún ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bó ti wù kó ronú tó, kò rántí ojú onítọ̀hún mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Akọ̀wé fi sílẹ̀ sẹ́yìn réré, irọ́ kò sì sí nínú ohun tó sọ nígbà náà. Ó sọ ọ́, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yìí ló yàtọ̀. Òfin ní ilé-iṣẹ́ tó bá búra lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, Akọ̀wé ibẹ̀ lè máa fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ohun tó bá kọ. Wọn kò ní nílò òǹkàwé mọ́. Mopélọ́lá á di ẹrù rẹ̀, á wọ ọkọ̀ lọ bá Fẹ́hintọlá ọmọ rẹ̀ ní Ìdànrè, níbi tí afẹ́fẹ́ òkè ṣì tutù, tí wọ́n ti kun yàrá kan dè é láti ọdún tó kọjá.

Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí tó yàrá náà.

*

Iṣẹ́ ìdánwò náà kò le. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun kan ní Òkè-Àgbọn, ó sì yẹ kí wọ́n fi í kún àwọn ilé tí a kò gbọdọ̀ ti omi wọn. Láti ìgbà tí oòrùn ti di ohun tó ń pa èèyàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà níta láti agogo méjìlá sí agogo mẹ́rin. Tí fèrè agogo mẹ́rin bá dún, gbogbo ìlú á ṣí ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsédò kò sì lè gbé e. Akọ̀wé á wá máa ti omi òpópónà kan dé èkejì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ilé tó wà nínú àtòkọ yẹn nìkan ni kì í kàn.

Akọ̀wé ti parí tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wà nínú irinwó ojú ewé àárọ̀ yẹn.

Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ jókòó síwájú gíláàsì kejì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ sì ń mì. Wákàtí kan kọjá. Ohùn rẹ̀ ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Làmídì ti padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mopélọ́lá di ojú, ó fẹ́ sùn díẹ̀, ohùn náà kò jẹ́.

“Ṣé o kò lè kàwé láì máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Tí mi ò bá pè é síta, kì í wọ̀ mí lórí.”

“Níbo lo ti kọ́ kóòdù? Mo rò pé wọ́n ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.”

“Nínú ìwé àtijọ́ ni, mà. Wọ́n kó wọn sí ilé ìkàwé kan ní Ọ̀yọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fẹ́ dáná sun wọ́n. Mo ń bá a gbálẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí n kà wọ́n. Àwọn kan ti gbó jù, mà. Mi ò mọ èyí tó ṣì wúlò nínú wọn.”

“Kí ló dé tí o kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn?”

“Mo ti ran aṣọ oòrùn fún ọdún méjì, mà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mo bá di abẹ́rẹ́ mú. Tí mo bá jókòó sídìí èyí, kì í gbọ̀n.”

Mopélọ́lá wo ọwọ́ ọmọ náà lórí gíláàsì. Ó tún di ojú.

Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀ ni ọmọ náà ní òun ti parí. Mopélọ́lá dìde pẹ̀lú ìrora orúnkún rẹ̀, ó sì lọ tan àwòrán ìlú tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò kó tó di pé wọ́n lò ó lóòótọ́. Gbogbo ìlú Ìṣẹ́yìn ló wà níbẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná kékeré. Wọ́n fi iṣẹ́ Ìbíyẹmí sí i, wọ́n sì ṣe é bíi pé agogo mẹ́rin ti lù. Òpópónà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Òkè-Àgbọn, iná ilé ìgbẹ̀bí dúró digbí.

“Ó ṣiṣẹ́, mà!” Ọmọ náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tètè kó ọwọ́ rẹ̀ jọ.

“Kí lo wá pa lápá ibí yìí?”

“Mi ò pa nǹkan kan, mà.”

“Wò ó dáadáa.”

Iná kan tó yẹ kó dúró ti kú ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Ìbíyẹmí wò ó títí. Ó padà sídìí gíláàsì, ó ń fi ìka wá a, ètè rẹ̀ tún ń mì, kò rí i. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Àánú ṣe Mopélọ́lá díẹ̀, ìbínú sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Àṣìṣe tí Akọ̀wé kò lè ṣe láéláé ni.

“Òkè àtòkọ pátápátá lo fi ilé ìgbẹ̀bí sí,” ló wí. “Gbogbo àwọn tó kù sún sísàlẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn jábọ́. Àtòkọ yẹn kò gbà ju ogójì ilé lọ.”

“Ta ló ní kó má gbà ju ogójì lọ, mà?”

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Mopélọ́lá ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ yìí. Ẹnu rẹ̀ ṣí kí èsì tó dé.

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin?”

“Ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ ibí ni. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ilé mẹ́tàdínlógún péré ló wà nínú àtòkọ nígbà náà. Mo ní ogójì ò lè kún láéláé. Ọ̀gá mi, Ìyáàfin Ọ̀ṣúndáre, bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì, mo sọ fún un. Ó ní kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.” Ó rẹ́rìn-ín tí kò dún. “Mi ò kọ ọ́. Wá. Jẹ́ kí n fi bí Akọ̀wé ṣe ṣe é hàn ọ́, kí o lè mọ̀ ọ́n dé ilé-iṣẹ́ kejìlá.”

Ó ṣí ojú ewé náà. Ó gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún ọmọ náà, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kà á fún òun náà nígbà kan. Akọ̀wé wo àtòkọ. Akọ̀wé rí i pé ó ti kún. Akọ̀wé wá ilé tó ń lo omi tó kéré jù lọ nínú ogójì náà. Akọ̀wé yọ ọ́ kúrò, ó sì fi ilé ìgbẹ̀bí sí àyè rẹ̀.

Ohùn Mopélọ́lá dúró.

Ilé tí Akọ̀wé yọ ni Ilé Ìsinmi Àwọn Àgbàlagbà tó wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ. Àwọn arúgbó mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Omi wọn kò pọ̀ lóòótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò lè dìde lórí ibùsùn. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù náà. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ọ̀nà tó yá jù ló sì gbà. Ní agogo mẹ́rin òní, ó máa ti omi wọn.

Ìbíyẹmí tẹ̀ síwájú. “Mà,” ó rọra wí, “orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ níbí yìí.”

“Mo rí i.”

“Ó ní ẹ kà á, ó sì—”

“Mo ní mo rí i!”

Lórí tábìlì, iná aláwọ̀ ewé Ẹlẹ́rìí ń ṣẹ́jú jẹ́jẹ́.

*

Mopélọ́lá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ògiri. Làmídì ló bá a níbẹ̀.

“Ó ti parí, àbí? Ó kùnà?”

“Ó kùnà,” ni Mopélọ́lá wí. “Akọ̀wé náà kùnà. Mo sì ti buwọ́ lù ú.”

Ó ṣàlàyé fún un. Làmídì kò pariwo. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó fi nu ọrùn.

“Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́la. Ẹ búra ná. Tí Akọ̀wé bá ti ń buwọ́ lùwé fúnra rẹ̀, màá ní kó fi ilé náà padà. Ìṣẹ́jú kan ni.”

“Agogo mẹ́rin òní ló máa ti omi wọn.”

“Wọ́n á ní táǹkì.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní in?”

Kò mọ̀. Mopélọ́lá gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sétí, ó pe ilé àwọn àgbàlagbà náà. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn, ó dà bí ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn lọ́wọ́.

“Táǹkì kẹ̀? Ó ti lu láti ìgbà ọyẹ́. A ti kọ̀wé, a ti kọ̀wé, ó ti sú wa. Kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ ti omi wa ni?”

“Rárá o,” ni Mopélọ́lá dáhùn. “Ẹ má ṣèyọnu.”

Làmídì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá,” ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bọ̀dá Gbádébọ̀.”

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Gbádébọ̀ fi jókòó ní ìdojúkọ Mopélọ́lá nínú yàrá yẹn. Ó buwọ́ lu ojú ewé kan tó ti omi Ìdí-Arère pa fún ọjọ́ mẹ́fà. Adájọ́ bi í bóyá ó kà á. Ó ní òun ò kà á. Ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, oṣù méjì sẹ́yìn ló sì dé. Mopélọ́lá lọ kí i. Ọsàn ni Gbádébọ̀ ń bó ní gbogbo àkókò tí Mopélọ́lá fi wà níbẹ̀, ó bó mẹ́sàn-án, kò jẹ ọ̀kan nínú wọn.

“Ó ti rẹ̀ yín,” ni Làmídì wí. “Ó ti rẹ èmi náà. Tí ẹ ò bá búra, wọ́n á ní ká gba ọmọ yẹn. Ta ni yóò kọ́ ọ? Ọdún mẹ́fà ló gbà kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n! Láti ibí títí dé Ṣakí, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó ti gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ogún ọdún. Ṣé gbogbo wọn ni wọ́n ya wèrè ni? Kí ni yóò máa ṣe fún wa? Kó máa pa iná lórí àwòrán?”

“Òótọ́ lẹ sọ.”

“Kí wá ni ẹ fẹ́ ṣe?”

Mopélọ́lá ronú nípa yàrá tó wà ní Ìdànrè. Fẹ́hintọlá ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ òkè. Ó ronú nípa rẹ̀ dáadáa, bí èèyàn ṣe ń wo ọjà tí kò ní rà.

“Mo fẹ́ wọlé,” ló wí.

*

Ó jókòó síwájú Ẹlẹ́rìí. Ìbíyẹmí ti sún sí igun yàrá. Làmídì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Èmi Mopélọ́lá Ajíbóyèdé, mo gba ìbuwọ́lù mi padà lórí iṣẹ́ Akọ̀wé tòní.”

Ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ìwé. “Ṣé o kà á kí o tó buwọ́ lù ú?”

“Mi ò kà á.”

“Mélòó nínú irinwó ni o kà?”

Ó lè parọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀. “Mẹ́jọ.”

Làmídì kérora lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé o jẹ́rìí pé ní ilé-iṣẹ́ yìí, kò sí iṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?”

“Ọmọ yìí kùnà nínú ìdánwò,” ni Mopélọ́lá wí. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ iṣẹ́, ó lọ́ra, ó pa iná tí kò yẹ kó pa. Akọ̀wé yá jù ú lọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Èmi náà rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ fi hàn án ni, n kì bá tí ka ojú ewé yẹn láéláé. Mi ò lè búra bẹ́ẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ wà.”

Iná Ẹlẹ́rìí di pupa. Ó ka èsì òfin bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì: a ti gba ìbuwọ́lù Òǹkàwé Àgbà padà, kò gbọdọ̀ dá nìkan buwọ́ lu nǹkan kan mọ́, àfi kí òǹkàwé kejì, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, fi àtàǹpàkò tì í, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dúró títí yóò fi fojú kan adájọ́ ní oṣù tó ń bọ̀, Omíyálé sì gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín ọjọ́ méje.

Níta, fèrè ọ̀sán dún. Àwọn aṣọ irin tó bo fèrèsé sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀.

“Ẹ ti pa wá, Màmá,” ni Làmídì wí, láìsí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lọ títí di agogo mẹ́rin.

Ẹnì kan tẹ̀ síwájú láti igun yàrá. Ìbíyẹmí ni.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ilé ìgbẹ̀bí ńkọ́? Tí a bá ti fagi lé iṣẹ́ Akọ̀wé, wọn ò sí nínú àtòkọ nìyẹn.”

Làmídì gbé orí sókè. Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Kò sí ẹni tó ti rò ó débẹ̀.

“Ó yẹ ká sọ ogójì yẹn di nǹkan mìíràn,” ni Mopélọ́lá wí. “Iṣẹ́ ìlà mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi nìkan kò tó mọ́.”

Ọmọ náà lóye. Mopélọ́lá rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀.

“Jókòó ná,” ni Mopélọ́lá wí. “Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ọ̀rọ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ.”

Ó sọ ọ̀rọ̀ Gbádébọ̀ fún un, látòkè délẹ̀, kò fi ẹ̀wọ̀n pa mọ́, kò sì fi ọsàn mẹ́sàn-án yẹn pa mọ́. Ìbíyẹmí tẹ́tí sílẹ̀, báàgì rẹ̀ wà lórí itan.

“Ẹ̀rù ń bà mí, mà.”

“Ó yẹ kó bà ọ́.”

“Ṣé wọ́n á mú èmi náà?”

“Tó o bá buwọ́ lu ohun tí o kò kà, wọ́n á mú ọ.”

“Tí mo bá kà á ńkọ́, tí kò sì yé mi?”

“Wàá ní kò yé ọ. Wàá jókòó síbẹ̀, gbogbo wa á sì dúró.”

“Gbogbo wa?” ni Làmídì bi í láti orí àga rẹ̀. “Gbogbo Ìṣẹ́yìn?”

“Gbogbo Ìṣẹ́yìn,” ni Mopélọ́lá dáhùn.

Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó rìn yí yàrá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró síwájú fèrèsé tí kò fi nǹkan kan hàn. Làmídì lọ bu búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá, kò sí ẹni tó jẹ ju díẹ̀ lọ. Agogo kan kọjá. Agogo méjì kọjá. Mopélọ́lá kọ ìlà mẹ́ta náà fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra lórí gíláàsì. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti kọ kóòdù gbẹ̀yìn. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ìdí tí àtòkọ náà kò fi ní òpin mọ́, ní èdè tí ọmọ kékeré lè kà. Ó sì jókòó, ó ń dúró. Kò bẹ ọmọ náà. Ó wù ú kó bẹ̀ ẹ́.

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ìbíyẹmí wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mo fẹ́ kà á, mà.”

“Kà á.”

Ó kà á sókè, ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ó bi Mopélọ́lá ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìbéèrè òmùgọ̀, Mopélọ́lá sì dáhùn rẹ̀. Ó tún un kà. Ó ní kí wọ́n dán an wò lára àwòrán, wọ́n dán an wò, ó sì ka iná àwọn ilé tí kò gbọdọ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi pé mọ́kànlélógójì. Làmídì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí agogo mẹ́rin lù nígbà tí ọmọ náà nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ aṣọ, tó gbé e lé gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mopélọ́lá.

Ìbíyẹmí Ọlátóyè, Akẹ́kọ̀ọ́, kà á, ó sì yé e.

Fèrè dún. Aṣọ irin ká sókè, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ wọlé. Lára àwòrán, òpópónà ń ṣókùnkùn, òpópónà ń tàn. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

*

Nígbà tí Mopélọ́lá pe Ìdànrè, Fẹ́hintọlá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

“Màámi, ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ńkọ́?”

“Mi ò ní wọ̀ ọ́.”

“Ìgbà wo wá ni?”

“Mi ò mọ̀. Adájọ́ ni yóò sọ. Tí wọ́n bá fi mí sílẹ̀, ó kù bí ọdún mẹ́fà kí ọmọ tí mo ń kọ́ tó mọ iṣẹ́.”

Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fa imú. “Ẹ ó ti pé àádọ́rin ọdún nígbà náà, Màámi.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi.”

“Nítorí ọmọ tí ẹ ò mọ̀ rí.”

Mopélọ́lá fẹ́ sọ pé kì í ṣe nítorí ọmọ náà nìkan. Ọ̀rọ̀ náà gùn jù fún okun tó kù lára rẹ̀. “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba yàrá náà,” ló sọ, wọ́n sì kí ara wọn pé ó dàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò tíì wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé tún ti kọ irinwó ojú ewé. Ìbíyẹmí ti dé kí Mopélọ́lá tó dé, ó ti gbálẹ̀ yàrá náà bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mopélọ́lá ní kó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jókòó sí orí àga méjì níwájú gíláàsì kan, wọ́n ṣí ojú ewé kìíní, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ní ìlà kẹta, ó ní kò yé òun. Mopélọ́lá ṣàlàyé. Ní ìlà keje, Mopélọ́lá ní kó dúró, nítorí kò yé òun náà. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i. Làmídì yọjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó bi wọ́n pé ojú ewé kelòó ni wọ́n dé, kò sì tún wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Fèrè ọ̀sán ti ń súnmọ́ nígbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì lé ojú ewé kan ṣoṣo náà. Ẹ̀yìn Mopélọ́lá ń ro ó, ojú rẹ̀ òsì ń ṣomi. Ọmọ náà gbé orí lé apá lórí tábìlì, ó ti sùn lọ.

Mopélọ́lá jẹ́ kó sùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

“Dìde,” ló wí. “Ojú ewé kejì.”